Onílẹ̀kùn Tí Kò Nílé

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ni Onílẹ̀kùn jẹ Káfíńtà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò fìgbà kan jiyàn gbèsè náà. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀: "Ọ̀gá Káfíńtà, owó yín ń bẹ lọ́wọ́ mi o, kò sọnù." Káfíńtà, ẹni tí í máa ka ìṣó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì tún un kà bí iṣẹ́ bá parí, á fèsì pé òun mọ̀ pé kò sọnù, ibi tí ó wà ni kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Owó ilẹ̀kùn ni. Kò sì sí ẹni tí kò mọ ìtàn ilẹ̀kùn náà ní gbogbo àdúgbò.

Bíríkìlà ni ọkùnrin yìí kí wọ́n tó máa pè é ní Onílẹ̀kùn. Ilé tí ó ti bá àwọn ènìyàn kọ́ pọ̀ ju èyí tí ó lè rántí lọ, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì há mọ́. Ní ọdún kan tí iṣẹ́ gbẹ, owó ilé oṣù mẹ́rin gùn ún lórí. Àwọn onílé àdúgbò yẹn kì í gbé ayálégbé lọ sí kóòtù, nítorí owó ni kóòtù ń jẹ. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń yọ. Bí adìẹ bá ti ń wọlé wá yàgbẹ́ sórí ẹní ènìyàn, tí àwọn tí ń kọjá lọ sì ń kí i lórí ibùsùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi kó ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni onílé ṣe wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ ilẹ̀kùn, ó gbé e lé èjìká, ó sì ń súfèé lọ.

Nígbà tí ó padà wá ní ọjọ́ kejì láti wá wo ojú ẹni tí ó sun ìta nínú ilé, ilẹ̀kùn igi ọ̀gànwó ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ̀, ó nípọn, wọ́n fín òdòdó sí i lára, ó sì ń dán. Ilẹ̀kùn pálọ̀ onílé gan-an kò tó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Onílé wò ó títí, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò ṣe níwájú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ó kàn án.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi onílé ni."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ilé ni tiyín, ilẹ̀kùn ni tèmi. Àádọ́ta ni a ń kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kàn án, mo ti yọ àádọ́jọ nínú owó ilé."

Onílé kò kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ó bá wá béèrè owó rẹ̀, ìta ni yóò dúró sí, tí yóò máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí ń lé ẹyẹ lóko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi pàtẹ́wọ́ kí ọgbọ́n tó ta sí i lórí pé kí òun gun òkè lọ yọ páànù. Kò sì sí bí ilẹ̀kùn ṣe lè dára tó, kì í gba òjò dúró.

Bí ó ṣe rí ilẹ̀kùn náà rà ni Káfíńtà kì í fẹ́ kí wọ́n sọ létí òun. Olówó kan ló ní kí ó ṣe é, ó san àsansílẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Ọdún méjì ni ilẹ̀kùn fi fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí Káfíńtà ń fi ẹ̀gbẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí onílé yọ ilẹ̀kùn, Bíríkìlà wọlé, ó jókòó, kò sọ pé òun fẹ́ ra nǹkan kan. Ó béèrè iye tí Káfíńtà ń san lórí ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà sọ fún un. Ó béèrè bí àyè tí ilẹ̀kùn yẹn gbà ṣe tó nínú ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà, tí ìṣirò kì í sú, dìde ó wọ̀n ọ́n, ó ní ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

"Ayálégbé yín nìyí nígbà náà," ni Bíríkìlà wí. "Ó lo ọdún méjì, kò san nǹkan kan, ẹ sì ń wò ó níran. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lé e jáde."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Káfíńtà fẹ́ tà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, ó ti di àwìn, Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló sì di ìdí ilẹ̀kùn mú tí wọ́n jọ gbé e délé.

Nígbà tí páànù lọ, Onílẹ̀kùn kọ́kọ́ ronú abúlé. Ilé bàbá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, yàrá kan sì kàn án nínú rẹ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá àgbàdo nínú yàrá náà láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹ̀gbọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un lómi mu, ó bá a kẹ́dùn, ó ní òun ìbá kó àgbàdo náà kúrò, ṣùgbọ́n àgbàdo kò lè wá ibòmíràn lọ fúnra rẹ̀, ènìyàn ló lè rìn.

Ó fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ní ti ọmọ obìnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó ń ránṣọ ló mú un. Bí wọ́n ṣe pín ọmọ méjì sílé ẹbí nìyẹn, bí ẹni tí ó pín ẹrù tí kò lè rù mọ́. Onílẹ̀kùn sọ fún wọn pé kò ní pẹ́, pé gẹ́lẹ́ tí òun bá rí ògiri tí òun yóò fi ilẹ̀kùn yìí sí, òun yóò wá kó wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló kù tí ó ń lé kiri láyé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ilé ni ó ń wá. Ọmọ rẹ̀ méjì ni ó ń wá.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá forí lé abẹ́ afárá. Ó fi àpò sìmẹ́ńtì tí ó rán pọ̀ ṣe ògiri apá ọ̀tún àti apá òsì, ó gbé ilẹ̀kùn síwájú, kò sì fi nǹkan kan dí ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè gba ẹ̀yìn wọlé, ṣùgbọ́n Onílẹ̀kùn kì í dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Iwájú ni kí o gbà, kí o kàn án, kí o dúró. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn níbẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tí ó ṣe, àwọn náà ń kàn án. Ọ̀kan nínú wọn, tí ń kó irin àlòkù tà, sọ fún Káfíńtà pé láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé ìyá òun, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ní kí òun máa wọlé.

Àwọn agbófinró wá láàárọ̀ ọjọ́ kan láti lé wọn. Wọ́n kó kùmọ̀, wọ́n mú kẹrosíìnì. Ọ̀gá wọn dé iwájú ilẹ̀kùn ọ̀gànwó, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìyá kọ́ ọ. Ó kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù," ni Onílẹ̀kùn wí láti inú. "Ìyàwó mi ń múra."

Wọ́n ní sùúrù. Ọ̀gá tún un kàn, Onílẹ̀kùn ní ó ku gèlè. Nígbà tí ẹ̀tàn rẹ̀ tó yé wọn, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ìyàwó ti gba ẹ̀yìn kó gbogbo ẹrù lọ, tòun ti ìkòkò. Onílẹ̀kùn nìkan ni wọ́n bá lórí òkúta, tí ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn padà, atẹ́gùn ń wọlé."

Wọ́n nà án fún ìyẹn. Wọ́n sun àpò sìmẹ́ńtì rẹ̀ ráúráú, iná sì lá ìdí ilẹ̀kùn, ó fi àpá dúdú kan síbẹ̀ tí ó gùn bí ahọ́n màlúù. Nígbà tí Káfíńtà rí i, ó ní àpá yẹn dín owó rẹ̀ kù tí ó bá di pé à ń tà á. Onílẹ̀kùn, tí ojú rẹ̀ ṣì wú, ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí Káfíńtà yáa yọ ọ́ nínú gbèsè.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba kéde ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn tí kò nílé lórí. Ogójì ilé ni, nínú igbó kan tí ọkọ̀ kì í dé, tí omi kò sí. Agbaṣẹ́ṣe kan tí ó máa ń gbé fóònù méjì dání ló gba iṣẹ́ náà. Onílẹ̀kùn wà lára àwọn bíríkìlà tí ó kọ́ ọ. Agbaṣẹ́ṣe mọ ògiri, ó kan páànù, nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó kó owó wọn jẹ, kò sì san owó iṣẹ́ oṣù tí ó kẹ́yìn. Ogójì ilé dúró sínú igbó, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí ń hanrun. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ wọn. Ejò kọ́kọ́ kó wọlé, ewúrẹ́ abúlé tẹ̀ lé e.

Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn kan wà lọ́hùn-ún, ọkùnrin tí ó ní ilẹ̀kùn tí kò nílé kan sì wà níhìn-ín. Onílẹ̀kùn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yá ọmọlanke, ó di ilẹ̀kùn lé e, ó di ọ̀nà igbó. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba kéré, ilẹ̀kùn fẹ̀ jù ú lọ. Ìyàwó ní kí wọ́n gé ilẹ̀kùn létí díẹ̀. Onílẹ̀kùn wò ó bí ẹni pé ó ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ kí ó lè bá bàtà mu. Ògiri ni ó fọ́. Ó ní ògiri jẹ́ ti ìjọba, ilẹ̀kùn jẹ́ ti òun, bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Káfíńtà lọ síbẹ̀ láti lọ béèrè owó rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí ó wọlé, ó sì rí ohun tí kò rí rí: Onílẹ̀kùn jókòó láìfi etí sílẹ̀. Ó ti fi amọ̀ kun ògiri. Ó ti pín yàrá kejì sí méjì, ó ní apá kan ti ọmọ ọkùnrin ni, èkejì ti obìnrin, ó sì ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n máa palẹ̀mọ́. Káfíńtà kò lè mẹ́nu kan owó lọ́jọ́ náà. Ó padà lọ, ó sì bínú sí ara rẹ̀ nítorí owó ọkọ̀.

Ìgbà tí ó tún padà lọ ni ó bá agbaṣẹ́ṣe níbẹ̀. Ìjọba ní àwọn kò ní san owó tí ó kù àfi bí àwọn bá rí fọ́tò ogójì ilé tí ó ti parí, tìlẹ̀kùn-tìlẹ̀kùn. Agbaṣẹ́ṣe mú oní-fọ́tò dání, ó ń fẹ́ yá ilẹ̀kùn.

"Ilé mélòó lẹ kọ́, sà?" ni Onílẹ̀kùn bi í.

"Ogójì."

"Ilẹ̀kùn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́."

"Ó kàn mí, sà. Èmi ni mo ni gbogbo wọn."

Igba ni agbaṣẹ́ṣe fẹ́ san lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Onílẹ̀kùn ná an títí ó fi di ẹgbẹ̀rún kan, ó tún ní dandan kí wọ́n kọ ilé tí òun ń gbé sí orúkọ òun. Agbaṣẹ́ṣe gbà, ó ní gbàrà tí ìjọba bá ti sanwó. Onílẹ̀kùn yíjú sí Káfíńtà, ó ní kí ó bá òun gbé e, pé nínú owó yìí ni òun yóò ti san gbèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi gbé ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Nítorí, yàtọ̀ sí ti Onílẹ̀kùn, kò wọ ẹnu ọ̀nà kankan, Káfíńtà ni yóò wọ inú ilé lọ, tí yóò di ilẹ̀kùn mú láti ẹ̀yìn kí ó má baà ṣubú, oní-fọ́tò yóò sì ya á. Egungun ẹ̀yìn Káfíńtà kò bọ̀ sípò títí di òní.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí àwọn ilé náà, wọ́n to ogójì fọ́tò sára pátákó gígùn kan. Ogójì ilé, ogójì ilẹ̀kùn ọ̀gànwó, ogójì àpá iná tí ó gùn bí ahọ́n màlúù. Nínú ọ̀kan, ìka mẹ́rin hàn létí ilẹ̀kùn. Àwọn ẹni ńlá ń kọjá níwájú wọn, wọ́n ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ó ní kí gbogbo ènìyàn wo irú ilẹ̀kùn tí ìjọba fún mẹ̀kúnnù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onílẹ̀kùn tẹrí ba láti ẹ̀yìn níbi tí ó dúró sí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Káfíńtà. "Ìka yín nìyẹn," ni ó wí. "Ẹ ti di òṣìṣẹ́ ìjọba."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín kẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Agbaṣẹ́ṣe gba owó rẹ̀, wọn kò rí i mọ́. Ilé tí kò parí, ẹnikẹ́ni lè máa gbé inú rẹ̀. Ilé tí ó parí, àwọn olówó ló ni ín. Wọ́n pín ogójì ilé fún àwọn tí ó mọ ẹni tí ó mọ ẹni, èyí tí Onílẹ̀kùn ń gbé sì bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ti nílé mẹ́ta. Ilẹ̀kùn tí ó fi wọlé náà ni wọ́n fi lé e jáde.

Ó lọ sí ọ́fíìsì tí ó ń pín ilé. Káfíńtà sìn ín lọ. Obìnrin tí ó jókòó níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó tilẹ̀ fún wọn ní àga. Ó ní òótọ́ ni, àwọn tí kò nílé ni ilé náà wà fún, kí Onílẹ̀kùn sọ ibi tí ó ń gbé kí òun kọ ọ́ sílẹ̀.

"N kò nílé, mà. Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

"Mo gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá níbi tí ó ń gbé kò lè gba ilé. Níbo la ó ti rí yín bí ilé bá jáde?"

Onílẹ̀kùn, ẹni tí ó ti dá onílé, agbófinró àti agbaṣẹ́ṣe lóhùn, jókòó, kò rí nǹkan sọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí Káfíńtà rí i bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n tú ẹrù wọn padà. Nígbà tí ọkùnrin onílé mẹ́ta náà dé láti wá gba ẹ̀kẹrin, Onílẹ̀kùn kò bá a jà. Ó kàn tú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní ilé ni wọ́n fún ọ̀gá, wọn kò fún un ní ilẹ̀kùn. Ihò tí ó kù lára ògiri fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ilẹ̀kùn ọjà kankan tí ó lè dí i. Ọkùnrin náà kò gbé ibẹ̀ rí. Àwọn ewúrẹ́ padà síbẹ̀, àwọn kò nílò àdírẹ́sì.

Ibi tí ó kú sí, ilé alájà méjì tí kò tíì parí ni. Wọ́n fi í ṣe ọlọ́dẹ ibẹ̀, oorun ọ̀fẹ́ ni owó oṣù rẹ̀. Ó gbé ilẹ̀kùn sí ẹnu yàrá ìsàlẹ̀ kan tí ògiri rẹ̀ kò tíì gba sìmẹ́ńtì, òtútù sì ń gba ara búlọ́ọ̀kù wọlé. Ikọ́ ló pa á. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá sìn ín, wọ́n ti dàgbà, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àlejò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ ara wọn. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu yàrá bàbá wọn, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn.

Níbi ìsìnkú, ẹ̀rín pọ̀ ju ẹkún lọ. Ẹni tí ń kó irin àlòkù tà fi ara ṣe àpèjúwe ọ̀gá agbófinró. Ẹ̀gbọ́n oní-àgbàdo, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí àbúrò òun ṣe gbajúmọ̀ tó, ní ó yẹ kí wọ́n fi ilẹ̀kùn yẹn kan pósí fún un, pé yóò bá a mu. Gbogbo ojú yí sí Káfíńtà.

"Ó ti gbé e kiri tó," ni Káfíńtà wí. "Ẹ jẹ́ kí ó gbé e kalẹ̀."

Ṣùgbọ́n owó jẹ́ owó. Nígbà tí ọjọ́ gorí ọjọ́, Káfíńtà ṣírò rẹ̀ dáadáa. Olóògbé kò ní nǹkan mìíràn, ọ̀gànwó sì ti wọ́n. Pẹ̀lú àpá iná, ilẹ̀kùn náà kò ní mú owó tí ó kéré sí ẹgbẹ̀rún ogójì wá. Ó yá ọmọlanke, ó mú òòlù àti skúdiráfà, ó lọ sí ilé alájà méjì. Ó dé ẹnu yàrá. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti ìta, híńjì hàn síta. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè, ó kàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Ta nìyẹn?"

"Káfíńtà ni, ìyàwó."

"Ẹ máa wọlé, ọ̀gá. Ó ní ẹ máa wá. Ó ní kí n má bá yín jà, pé tiyín ni. Ó ní tí ẹ bá kọ́kọ́ kàn án, kí n fún yín lága."

Ó fún un lága. Káfíńtà jókòó, ó wo ẹnu ọ̀nà láti inú. Ó fi ojú yọ ilẹ̀kùn náà kúrò, ó sì rí ohun tí yóò kù: ihò kan, ọ̀nà, àti gbogbo àwọn tí ń kọjá lọ tí wọn yóò máa kí obìnrin yìí lórí ibùsùn. Ó dìde, ó lọ sídìí híńjì ìsàlẹ̀. Ó ti dípẹtà. Ó ní irú híńjì wo rèé tí ẹnìkan lè fi sí ara iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó yọ ọ́ tòun ti òkè, ó rán ọlọ́mọlanke lọ ra méjì tuntun, ó fi wọ́n sí i, ó ta epo sí wọn, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, kò dún. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ìyàwó pé owó híńjì wọ inú gbèsè o, ó sì kó òòlù rẹ̀, ó lọ.

Lójú ọ̀nà ni ìṣirò kejì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àádọ́ta ni kíkàn kan. Olóògbé ló fi owó lé e, wọn kò sì fagi lé e. Bí òun bá ń yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ wo bí obìnrin náà ṣe wà, tí òun sì ń kàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní pé ọdún méjì tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá yóò fi wọlé, láìka ti híńjì. Gbèsè tó mọ́ nìyẹn, kò sí ẹ̀yáwó níbẹ̀, kò sí ìjà.

Ó ti ń yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà náà. Ó máa ń kàn án, ó máa ń dúró, wọ́n á ní kí ó wọlé, yóò sì yọ àádọ́jọ nínú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, ìyàwó ṣàkíyèsí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń kàn án. Kò fẹ́ kí gbèsè náà tètè tán.